Dave Winer àti Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Podcast: Àyẹ̀wò Ìtàn Ẹni Tí Ó La Ọ̀nà fún Ohùn Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára

Ìfáàrà

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá sọ rédíò, orúkọ náà sì gbé ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ ni, kì í gba èsì. Ẹni tí ó jókòó tì í lè mi orí, ó lè bú u, ó lè pa á, ṣùgbọ́n kò lè dá a lóhùn. Kí ènìyàn tó lè kúrò ní ipò agbọ́rọ̀ bọ́ sí ipò asọ̀rọ̀, ó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí ó kọ́ ilé-iṣẹ́, kí ó sì ra ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí ní gbogbo àgbáyé fún ọgọ́rin ọdún ó lé, títí ọ̀nà mìíràn fi là láàárín ọdún 2000 sí 2004. Ọ̀nà náà ni a ń pè ní podcast lónìí, ìyẹn ètò tí a gbà sílẹ̀ ní ohùn, tí ó ń wọlé fúnra rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ẹnikẹ́ni tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ láti máa gbà á, tí kò sì sí ẹni tí ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan kí ó tó ṣe tirẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìgbésí ayé ọ̀kan lára àwọn tí ó la ọ̀nà náà, Dave Winer, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ oníṣẹ́ sọ́fítíwíà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀rọ̀ podcast tó ṣẹlẹ̀. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní ni pé ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn kedere bí ohun tuntun ṣe máa ń jáde láti inú ohun àtijọ́. Èkejì kan ọ̀nà ìwádìí. Winer fúnra rẹ̀ ni ó kọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ podcast, nítorí òǹkọ̀wé tí kì í sinmi ni, ojoojúmọ́ ni ó sì ń kọ̀wé pẹ̀lú déètì lórí rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni, akọ̀tàn ni, òun náà sì ni ẹni tí ìtàn dá lé lórí. Àwọn Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn bá wà, a ó fi wọ́n ẹ̀rí tirẹ̀ wò.

Ìran àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú New York ni wọ́n bí Dave Winer sí ní ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, ọdún 1955. Agboolé olùkọ́ ni ó ti wá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò ti Yunifásítì Columbia, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ onímọ̀ ìrònú-òun-ìhùwàsí ẹ̀dá tí ó ń bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣiṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Bronx High School of Science, tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ni ó ti jáde ní ọdún 1972. Ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Tulane ní ọdún 1976, ó sì gba oyè kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Wisconsin, ní ìlú Madison, ní ọdún 1978.

Ohun kan wà nínú ìran rẹ̀ tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Arno Schmidt, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ ọmọ Jámánì, jẹ́ àbúrò ìyá tí ó bí ìyá Winer. Inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bébà pélébé-pélébé tí Schmidt kọ èrò rẹ̀ sí, tí ó tò sínú àpótí, ni ó ti kọ ìwé ńlá rẹ̀, *Zettel's Traum*, tí ó jáde ní ọdún 1970. A kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó gbé iṣẹ́ náà wá bá Winer, ìyẹn yóò ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka abala tí ó tẹ̀ lé èyí yóò rí i pé bí èrò ṣe ń di títò ni òun náà fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wá kiri.

Iṣẹ́ Ìtò-Èrò

Ní ọdún 1979 ni Winer wọ ilé-iṣẹ́ Personal Software, àwọn tí ó ń ta VisiCalc, sọ́fítíwíà ìṣirò tí ó sọ kọ̀ǹpútà kékeré di ohun tí oníṣòwò ń wá kiri. Ohun tí ó gbé dání lọ sí ibẹ̀ ni èrò kan tí ó pè ní VisiText. Kò rí i parí níbẹ̀, ó sì kúrò ní ọdún 1981. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Living Videotext, ó sì gbé ThinkTank jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II ní ọdún 1983. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe é fún kọ̀ǹpútà IBM àti fún Macintosh.

Kí ni ThinkTank ń ṣe? Olùkọ́ni kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Bí a bá ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́, a máa ń kọ orí-ọ̀rọ̀, a ó kọ àwọn ìpín rẹ̀ sísàlẹ̀, a ó tún kọ àwọn kókó sábẹ́ ìpín kọ̀ọ̀kan. Lórí bébà, bí a bá fẹ́ gbé ìpín kẹta sí ipò kìíní, a ní láti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nínú ThinkTank, a lè pa ìpín kan dé bí ìgbà tí a ká ẹní, kí orí-ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan máa hàn. A lè tún un ká. Bí a bá sì gbé orí-ọ̀rọ̀ kúrò níbì kan, gbogbo ọmọ abẹ́ rẹ̀ yóò bá a lọ. Ìrònú ènìyàn, tí kì í wá ní títò, rí ibi tí yóò ti gba àtúntò láìsí wàhálà.

Ní ọdún 1986 ni èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn jáde fún Macintosh, orúkọ rẹ̀ ni MORE. Ó lè sọ ìtò-èrò di ojú-ìwé tí a ń gbé sára ògiri fún àwọn ènìyàn níbi ìpàdé, èyí sì ṣẹlẹ̀ kí PowerPoint tó dé ọjà ní ọdún 1987. Ní ọdún 1987 kan náà ni ilé-iṣẹ́ Symantec gba Living Videotext mọ́ra. Winer kò pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde, ó sì dá UserLand Software sílẹ̀ ní ọdún 1988. Iṣẹ́ pàtàkì tí UserLand kọ́kọ́ ṣe ni Frontier, tí ó jáde ní ọdún 1992, èdè ìpàṣẹ fún Macintosh tí ènìyàn lè fi sọ pé kí sọ́fítíwíà kan gbé iṣẹ́ fún èkejì. Nígbà tí Apple fúnra rẹ̀ gbé AppleScript jáde, tí ó sì ń fi í fún àwọn ènìyàn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ọjà Frontier dà rú. Ẹni tí onílé bá ń bá díje nínú ilé kò ní rọrùn fún un.

Láti Ìdí Sọ́fítíwíà sí Ìdí Ìwé Kíkọ

Ìyanṣẹ́lódì àwọn oníwèé ìròyìn ní ìlú San Francisco, ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, ni ó yí Winer lójú padà sí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn akọ̀ròyìn tí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró gbé ìwé ìròyìn tiwọn jáde lórí ìkànnì, Winer sì lo Frontier láti mú kí ìtẹ̀jáde náà máa rọrùn. Ó rí i pé àwọn ènìyàn díẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè bá àwọn onílé-iṣẹ́ ńlá du ojú òǹkàwé. Oṣù kan kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àròkọ tí ó pè ní DaveNet ránṣẹ́ sí àwọn tí ó mọ̀ nípasẹ̀ í-méèlì. Ní ọdún 1997 ó bẹ̀rẹ̀ Scripting News, ọ̀kan lára àwọn búlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ pàá.

Ọ̀nà tí òǹkàwé yóò fi mọ̀ pé ohun tuntun ti jáde láì jẹ́ pé ó ń lọ ká ìkànnì kọ̀ọ̀kan ni ìṣòro tí ó tẹ̀ lé e. Ní ìparí ọdún 1997 Winer ṣe ìlànà kan fún Scripting News, tí kọ̀ǹpútà fi lè ka àkóónú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1999 ilé-iṣẹ́ Netscape gbé èyí tí ó jọ ọ́ jáde, òun ni wọ́n sọ ní RSS. Àwọn méjèèjì bọ́ sínú ara wọn láàárín ọdún náà. Nígbà tí Netscape sì pa iṣẹ́ náà tì, Winer ni ó ń bá a lọ. Fáìlì RSS kò ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, ojú ènìyàn pàápàá lè kà á. Ó to àwọn ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú àkọlé, àdírẹ́sì àti àlàyé ráńpẹ́. Sọ́fítíwíà òǹkàwé a máa yọjú wò ó ní wákàtí wákàtí, bí ẹni tí ń rán ọmọ lọ sí ẹnu-ọ̀nà láti wò ó bóyá àlejò ti dé.

Àsomọ́

Ní ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ni RSS ń gbé. Adam Curry ni ó wá fi ọ̀rọ̀ ohùn àti àwòrán lọ Winer. Curry, tí ó dàgbà ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ti jẹ́ atọ́kùn ètò lórí tẹlifíṣọ̀n MTV láti ọdún 1987 sí 1994, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ ayélujára gidigidi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000 ó lọ bá Winer ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York láti là á yé e. Àwọn méjèèjì ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìpàdé náà, wọ́n sì gbà pé kò tètè yé Winer.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu bí a bá rántí bí ẹ̀rọ ayélujára ṣe ń falẹ̀ tó nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá di ohùn ìṣẹ́jú 30 ní ìwọ̀n kílóbíìtì 64 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, fáìlì náà yóò tó nǹkan bí mẹ́gábáìtì 14. Modẹ́ẹ̀mù orí wáyà tẹlifóònù, èyí tí ó yára jù nínú wọn, kò lè gbé ju kílóbíìtì 56 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú 34 ni yóò gbà láti gba ohun tí a ó fi ìṣẹ́jú 30 gbọ́, bí wáyà kò bá já láàárín rẹ̀. Ta ni yóò jókòó dè é? Ohun tí Curry rí ni pé ìdúró yẹn ni ó ń ba nǹkan jẹ́, kì í ṣe ìfalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí ìlà tọ̀sán-tòru lè máa gba fáìlì ńlá díẹ̀díẹ̀ nígbà tí onílé ń sùn. Bí ó bá jí, yóò bá a nílẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó rẹ ẹ̀wà sómi ní alẹ́ kì í dúró tì í.

Kí èyí lè ṣeé ṣe, sọ́fítíwíà ní láti mọ̀ ṣáájú pé fáìlì kan wà tí ó yẹ kí ó lọ gbé. Ojútùú tí Winer fi sínú RSS 0.92, tí ó jáde ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, ọdún 2000, kéré débi pé ènìyàn lè fojú fò ó. Àmì kan ṣoṣo ni, orúkọ rẹ̀ ni enclosure. Àsomọ́ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ohun mẹ́ta péré ni ó ń sọ: ibi tí fáìlì wà, bí ó ṣe tóbi tó, àti irú fáìlì tí ó jẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí yóò ṣe gbọ́ ọ, ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ, tàbí ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á wọlé. Ní èrò tiwa, nínú àwọn ohun tí àsomọ́ kò sọ yìí ni agbára rẹ̀ wà. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò sí ohun kan nínú àsomọ́ tí ó ní láti yí padà kí fóònù tó lè lò ó.

Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní, ọdún 2001, Winer dán an wò. Ó so orin ẹgbẹ́ Grateful Dead kan mọ́ fáìlì RSS ti Scripting News, ó sì wọlé sórí kọ̀ǹpútà àwọn tí ó ń lo sọ́fítíwíà UserLand. Orin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Fún bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn tí ó lo àsomọ́ kò pọ̀. Apple gbé iPod àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, àwọn ènìyàn sì ń ra á fún orin, kò sí ẹni tí ó ronú nígbà náà pé ó lè bá àsomọ́ Winer tan.

Àìsàn sì tún wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2002 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún Winer, èyí tí ó yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ó fi ipò olórí UserLand sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni RSS 2.0 jáde.

Ọdún Kan ní Harvard

Abala yìí ni ó yẹ kí ó wu àwọn olùkọ́ àti olùkọ́ lọ́la jù lọ. Ní ọdún 2003 Winer di ẹlẹ́gbẹ́ ìwádìí ní Berkman Center ti ilé-ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Harvard, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí nípa ẹ̀rọ ayélujára àti àwùjọ. Iṣẹ́ tí ó bá lọ ni bí búlọ́ọ̀gì ṣe lè wúlò fún ẹ̀kọ́. Ó gbé ìkànnì kalẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ Harvard lè ti dá búlọ́ọ̀gì tirẹ̀ sílẹ̀. Ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣe ìpàdé níbẹ̀ tí ará ìta pàápàá lè wá. A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nílé lóko, ẹnu-ọ̀nà ni ará ìta máa ń mọ.

Níbẹ̀ ni Christopher Lydon ti bá a pàdé. Lydon ti jẹ́ akọ̀ròyìn òṣèlú fún ìwé ìròyìn *New York Times*, ó sì ti jẹ́ atọ́kùn gbajúmọ̀ ètò *The Connection* lórí rédíò WBUR ní ìlú Boston, títí ìjà fi ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti rédíò náà ní ọdún 2001 nítorí ọ̀rọ̀ ta ni ó ni ètò. Ohùn wà, ìmọ̀ wà, kò sí ilé-iṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2003, Lydon fi ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tí ó ṣeé gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ wá àwọn akọ́búlọ́ọ̀gì lẹ́nu wò. Winer ni ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Winer sì ṣe fáìlì RSS fún àwọn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àsomọ́ tirẹ̀. Bí a bá ń wá ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu, kì í ṣe orin, kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí jáde gẹ́gẹ́ bí ètò tí ń tẹ̀ lé ara wọn, ibẹ̀ ni a ó yà sí.

Ní oṣù kan náà ni Winer àti UserLand fa ẹ̀tọ́ lórí ìwé ìlànà RSS 2.0 lé Harvard lọ́wọ́, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons. Ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Ìwé náà tún sọ pé RSS ti dì: àwọn àmì tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní yí padà mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi nǹkan kún un gbọ́dọ̀ ṣe é ní agbo tirẹ̀, lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀, láìfọwọ́ kan ti àtijọ́. Àwọn kan bínú sí èyí, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún ra sọ́fítíwíà tí kò lè ṣí fáìlì ọdún márùn-ún sẹ́yìn yóò mọ ohun tí ó ń sá fún.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, Winer pe àpérò àwọn akọ́búlọ́ọ̀gì jọ ní Harvard, BloggerCon ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni Kevin Marks ti fi ètò kékeré kan han àwọn ènìyàn, èyí tí ó ń gba àsomọ́ láti inú RSS tí ó sì ń tì í sínú iTunes, láti ibẹ̀ bọ́ sínú iPod. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Curry náà fi gbé irú rẹ̀ jáde. Ìgbà náà ni okùn náà so pọ̀ dé ìdí: láti ẹnu asọ̀rọ̀ dé inú àpò agbọ́rọ̀, láìsí ẹni tí ó tẹ nǹkan kan láàárín.

Ta Ni Ó Ni Podcast?

Winer ni ó kọ àsomọ́. Ẹ̀rí èyí kò ṣeé jà níyàn, nítorí ìwé ìlànà wà pẹ̀lú déètì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Curry ni ó gbé èrò fáìlì òru wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000 kan náà, Tristan Louis náà ti dá a lábàá nínú àkọsílẹ̀ kan pé kí wọ́n so ohùn àti fídíò mọ́ RSS. Lydon ni ó fi ohùn tí ó níláárí sínú rẹ̀. Marks ni ó so ó mọ́ iPod. Orúkọ náà pàápàá, Ben Hammersley ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn *The Guardian* ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 2004, níbi tí ó ti ń dárúkọ mẹ́ta tí a lè fún nǹkan tuntun yìí. Ó dà bí ẹni pé eré ni ó fi ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004 Winer bẹ̀rẹ̀ ètò ohùn tirẹ̀, Morning Coffee Notes. Ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹjọ, Curry bẹ̀rẹ̀ Daily Source Code. Curry tún gbé iPodder kalẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwíà láti bá a tún ṣe, ohùn rẹ̀ sì ni ó kó èrò jọ. Winer kì í ṣe ẹni tí a ń gbọ́ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ṣe ni ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń dá ronú.

Nígbà tí òkìkí kàn, ìjà dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2005, ó hàn sí gbangba pé Curry ti wọ àpilẹ̀kọ Wikipedia lórí podcasting láìdárúkọ ara rẹ̀, ó sì ti yọ ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ipa àwọn ẹlòmíràn, Kevin Marks wà lára wọn. Ó gbà pé òun ni. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Ayé máa ń gbé orí oyè ìhùmọ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn àti òfin ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ wọn ṣe fẹ́ ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní láti ṣọ́ra fún un. Ní ti ọ̀ràn yìí, bí a bá yọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a dárúkọ, podcast ìbá máà rí bí ó ti rí.

Ti Winer fúnra rẹ̀ ní àléébù. Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Láti ìparí ọdún 2000 ni àwọn kan ti ya kúrò, tí wọ́n gbé RSS 1.0 tiwọn jáde, èyí tí ó gùn tí ó sì díjú ju tirẹ̀ lọ. Láti ọdún 2003 ni àwọn mìíràn tún ti bẹ̀rẹ̀ Atom, nítorí wọn kò gbà kí ìlànà gbogbo ayé máa tẹ̀ lé ìfẹ́ ẹnì kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, ó ti ilé ọ̀fẹ́ kan pa lójijì, níbi tí búlọ́ọ̀gì bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wà, láìsí ìkìlọ̀. Ó ṣe ìlérí pé òun yóò dá ìwé ẹni tí ó bá béèrè padà fún un, ṣùgbọ́n inú bí àwọn onílé, ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹni tí ó jà fún òmìnira akọ̀wé ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn akọ̀wé. A kò rí ọ̀nà tí a fi lè fi èyí pa mọ́ sábẹ́ iṣẹ́ rere rẹ̀, a kò sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó pa iṣẹ́ rere náà rẹ́.

RSS Lẹ́yìn Ọdún 2005

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2005, Apple fi podcast sínú iTunes 4.9. Ètò bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wọ́n kó jọ sínú ìwé atọ́nà rẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì wọ́n kéde pé ìforúkọsílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan. Apple ní àwọn àmì tuntun tí ó fẹ́ lò, bí i àwòrán ìbòrí àti ẹ̀ka ètò. Agbo tirẹ̀ ni ó kó wọn sí, bí ìwé Harvard ti wí. Àsomọ́ wà níbi tí ó wà. Ní ìparí ọdún náà, àwọn olùṣètò ìwé atúmọ̀-èdè *New Oxford American Dictionary* mú podcast ní ọ̀rọ̀ ọdún.

Winer ta ìkànnì Weblogs.com rẹ̀ fún VeriSign ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Kò di olówó nídìí podcast fúnra rẹ̀. Curry dá PodShow sílẹ̀ ní ọdún 2005 kan náà láti fi podcast ṣòwò. Orúkọ rẹ̀ yí padà di Mevio, ó sì kógbá wọlé ní ọdún 2014. Winer padà sí ìdí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: ní ọdún 2013 ó gbé Fargo jáde, sọ́fítíwíà ìtò-èrò tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì. Ohun kan sì wà tí àwọn tí ó ń gbọ́ podcast ń lò láìmọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti wá. Bí ènìyàn bá fẹ́ kó orúkọ gbogbo ètò tí ó ń gbọ́ láti inú sọ́fítíwíà kan lọ sí òmíràn, fáìlì tí a fi ń kó o ni OPML, èyí tí Winer ṣe ní ọdún 2000 láti fi gbé ìtò-èrò pamọ́. Ẹní tí ThinkTank ń ká, tí ó sì ń tẹ́, ni.

Ìjà tí ó kù ni ti òní. Ní oṣù kejì ọdún 2019 ilé-iṣẹ́ Spotify ra Gimlet àti Anchor, láti ọdún 2020 ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ètò ńláńlá mọ́ inú ilé tirẹ̀ nìkan, tí a kò fi lè rí wọn gbà nípasẹ̀ RSS. Winer ti ń kọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí kò bá sí lórí RSS, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi sọ́fítíwíà tí ó wù ú gbà, a lè pè é ní ètò ohùn, kì í ṣe podcast. Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ tí ó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ibi tí ó bá gbé e sí ni yóò sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní fóònù pọ́ọ́kú lè gbà á, tàbí ó di dandan kí ó kọ́kọ́ di oníbàárà ẹnì kan. Spotify tú ọ̀pọ̀ lára àwọn ètò náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní ọdún 2020 bákan náà, Curry àti Dave Jones dá Podcast Index sílẹ̀, àkójọ orúkọ ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò láìgba àṣẹ. Wọ́n fi àwọn àmì tuntun kún RSS, fún ìwé ọ̀rọ̀ tí a sọ, fún orí-ọ̀rọ̀ inú ètò, àti fún owó tí olùgbọ́ bá fẹ́ fi ta olùṣètò lọ́rẹ. Agbo tiwọn ni wọ́n kó wọn sí.